Bí agbẹ́kọ̀ ṣe lè pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbi ọdún ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, tí kò fi ní í jẹ gbèsè

Bí Iléyá bá ti kọjá, tí ẹran ti tán nínú ìkòkò, Ẹ̀pẹ́ kì í tíì sinmi. Ọdún Káyókáyó ló kù tí àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lókè òkun á darí wálé, aṣọ ẹgbẹ́jọdá á gba ìta kan, ìlù á máa dún. Ọ̀sà náà kì í gbẹ́yìn, nítorí eré ọkọ̀ wà lára ohun tí èrò máa ń dúró wò létí omi.

Ọdún yìí ni wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1851, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé wọn kúrò ní Èkó. Ọkọ̀ onígi ló gbé wọn dé. Títí di 1862 tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, ọkọ̀ onígi náà ni wọ́n fi ń ṣòwò, òun náà ni wọ́n sì fi ń jà.

Ohun kan wà tí èrò kì í sábà kíyè sí lọ́jọ́ náà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún àwọn atukọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bá ẹgbẹ́ tó borí yọ̀. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹja yíyan á kówó relé, onífọ́tò á kówó relé, ẹni tó ń yá àwọn èèyàn ní àga àti ìbòòrùn á kówó relé. Agbẹ́kọ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé gbogbo eré náà ró á kàn jókòó láàárín èrò bí àlejò ni.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ti péjọ nítorí ọkọ̀, ọjà agbẹ́kọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjà tó yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́ ni, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ná an lè ti ibẹ̀ jẹ gbèsè.

Ìdí tí agbẹ́kọ̀ kò fi lè jókòó sílé mọ́

Láyé àtijọ́, agbẹ́kọ̀ kì í wá oníbàárà kiri. Apẹja á wá bá a létí omi, wọn á dúnàá-dúrà, wọn á fi àdéhùn sí i, ó parí. Ìgbà ti yí padà. Igi ńlá tó tóó gbẹ́ odidi ọkọ̀ kan ti wọ́n nínú igbó, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yà sídìí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi pákó kàn. Ọkọ̀ fáíbà ti gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá kọ́ṣẹ́ ń wo ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, nítorí owó ibẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ tún wà níbẹ̀. Àjọ LASWA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó ìrìnnà ojú omi, ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun fẹ́ kí ọkọ̀ onígi tó ń kó èrò máa fi ààyè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọkọ̀ ìgbàlódé. Ìjàm̀bá ojú omi ló fà á, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn pé ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ lọ.

Ìtumọ̀ èyí fún agbẹ́kọ̀ ni pé ẹni tó bá gbọ́kàn lé àwọn oníkọ̀ èrò nìkan ti ń rìn lórí afárá tó ń mì. Àmọ́ àwọn oníbàárà mìíràn ṣì wà. Apẹja ṣì ń fẹ́ ọkọ̀ tí kò wúwo, tí òun nìkan lè tù. Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ń fẹ́ ọkọ̀ tó ní ikùn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń díje níbi ọdún ń fẹ́ ọkọ̀ gígùn tó ń sáré. Hòtẹ́ẹ̀lì tó wà létí omi ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré tó dára lójú, tí àlejò lè fi ṣeré nítòsí. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà máa ń wá ọkọ̀ tí wọn á fi ṣe ìtàn àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ilé agbẹ́kọ̀ kankan. Ibi ọdún ni ojú wọn àti ojú agbẹ́kọ̀ ti lè pàdé.

Ọkọ̀ kì í pàtẹ lórí ilẹ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó lè ba ọjà jẹ́ ni kéèyàn gbé ọkọ̀ sórí iyanrìn, kó kùn ún lọ́dà dáadáa, kó sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kò fẹ́ wo ọ̀dà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dúró bí òun bá dìde nínú rẹ̀, bóyá yóò ya síbi kan bí òun bá ń tù ú, àti bóyá omi ń wọ̀ ọ́. Ojú omi nìkan ló lè dá a lóhùn.

Oòrùn náà tún ni ọ̀tá igi. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara odidi igi lè là bí ó bá jókòó sínú oòrùn fún ọjọ́ kan péré, pàápàá ní iwájú àti ẹ̀yìn, níbi tí ojú igi ti ṣí sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí abẹ́ rẹ̀, abẹ́ ìbòòrùn ló yẹ kó wà, kí wọ́n sì fi àpò ìdọ̀họ tí wọ́n rẹ sómi bo orí àti ìdí rẹ̀.

Ti ọkọ̀ onípákó tún yàtọ̀. Bí ó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, pákó rẹ̀ á gbẹ, á súnkì, àlàfo á ṣí láàárín pákó kan àti èkejì. Ọkọ̀ tí kò jò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sómi. Kì í ṣe pé wọn ò kàn án dáadáa. Pákó nílò àyè láti mu omi, kó wú, kó sì fún ara wọn. Agbẹ́kọ̀ tó bá mọ èyí á ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ sómi ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, á jẹ́ kó jò tán, á gbọ́n omi rẹ̀ dànù, á tún wo ibi tó bá kù kó fi òwú àti ọ̀dà dúdú dí i. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó gbé ọkọ̀ gbígbẹ láti orí ilẹ̀ bọ́ sójú omi lójú èrò, tí oníbàárà wọlé tí omi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjà ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Àlàyé tó bá ṣe lẹ́yìn náà, àwáwí ni wọn á pè é.

Ó kéré tán, ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà lójú omi tí ẹni tó bá fẹ́ lè wọ̀, kó sì tù ú fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tù jókòó sẹ́yìn. Kí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà fún gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe apẹja tó ti ń wẹ̀ láti kékeré. Agbẹ́kọ̀ tó ń pín ẹ̀wù yìí kó tó jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ rẹ̀ ti fi hàn pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ọkọ̀ tí kò tíì parí tún máa ń tajà

Ó dára kí agbẹ́kọ̀ gbé ọkọ̀ kan tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ síbi àtẹ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ìta igi ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbẹ́ kí wọ́n tó kọjú sí inú. Wọn kò mọ̀ pé àwọn agbẹ́kọ̀ kan máa ń lu ihò tín-ń-tín sára rẹ̀ láti fi wọn bí ara ọkọ̀ ṣe nípọn tó, tí wọ́n á sì fi èèkàn igi dí i padà. Wọn kò mọ̀ pé iná àti omi ni wọ́n fi ń rọ ara igi kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fi igi dá a dúró títí tó fi máa gbẹ níbòòji. Ẹni tó bá rí àáké lẹ́nu iṣẹ́ kì í tún sọ pé kí wọ́n fún òun ní ìdajì owó.

Kí agbẹ́kọ̀ tún gé igi kéékèèké sílẹ̀ tí oníbàárà lè fọwọ́ kàn, kó sì sọ òótọ́ nípa ìkọ̀ọ̀kan. Ìrókò máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ kì í tètè rà nínú omi, àmọ́ ó wúwo. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè jẹrà bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Ọmọ̀, igi tí àwọn agbẹ́gi fi ń ṣe ìlù, wà lára igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá ta arère ní orúkọ ìrókò lè rí owó lónìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.

Ìtàn náà wà lára ọjà. Lọ́dún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan ọkọ̀ onígi nínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún, gígùn rẹ̀ sì ju mítà 8 lọ. Kò tíì sí ọkọ̀ tó dàgbà jù ú lọ tí wọ́n rí nílẹ̀ Áfíríkà. Agbẹ́kọ̀ tó bá lè sọ ìtàn yìí fún àlejò láti òkè òkun ti sọ fún un pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó wọ̀lú ni òun ń tà, iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé alájà ni.

Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú

Oṣù tí ń bẹ lójú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka Iléyá, nítorí náà ó máa ń sún síwájú ní bí ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni. Ọdún tó bá tẹ̀ lé Iléyá gbọ́dọ̀ máa bá a sún. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún agbẹ́kọ̀ ni pé ọdún lè bọ́ sínú òjò ní àsìkò kan, kó sì bọ́ sínú ọ̀gbẹlẹ̀ ní àsìkò mìíràn, igi kò sì ní í tìtorí bẹ́ẹ̀ yára gbẹ.

Bí ọdún bá bọ́ sí àárín òjò, inú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni kí wọ́n ti gbẹ́ ọkọ̀ àtẹ tán, kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀ níbòòji. Ẹni tó bá dúró di oṣù tí ọdún ku dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ tútù ni yóò gbé wá, tí yóò wúwo, tí ọ̀dà kò sì ní í mú lára rẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí yóò gbé àáké.

Kí wọ́n tètè lọ bá àwọn tó ń ṣètò ọdún pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ etí omi kì í ṣe ibi téèyàn kàn ń dé tí á so ọkọ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ọdún ló mọ ibi tí àwọn tó ń díje máa gbà, wọ́n sì mọ ibi tí àwọn ìjòyè máa jókòó sí. Ibi tó dára jù fún àtẹ ọkọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn atukọ̀ ti ń wọlé tí wọ́n ti ń jáde, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn àwọn tó ń ta oúnjẹ. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ LASWA àti NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi inú ilẹ̀ wa, ohun tí òfin fẹ́ kí wọ́n tó gbé èrò sínú ọkọ̀ kankan.

Ìṣirò tó yẹ kó wà nínú ìwé

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣubú rèé. Ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó, kì í ṣe pé iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà nìyí. Ká ní igi ọkọ̀ kan jẹ́ ₦300,000. Ìṣó, òwú àti ọ̀dà jẹ́ ₦60,000. Ọmọ iṣẹ́ méjì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 15, owó àwọn méjèèjì jẹ́ ₦180,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦540,000. Agbẹ́kọ̀ ta ọkọ̀ náà ní ₦600,000, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun jèrè ₦60,000.

Kò jèrè. Òun náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 15. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ₦10,000 lójúmọ́, ₦150,000 nìyẹn. Ó san ₦40,000 láti gbé igi dé etí omi. Ọkọ̀ náà ná an ní ₦730,000. Ó ti pàdánù ₦130,000, ó sì ń dúpẹ́. Bí èyí bá ń tẹ̀ síwájú fún ọdún kan, yóò máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, gbèsè yóò sì máa lé sí i, láìmọ ibi tó ti ń wá.

Ìṣirò kejì ni ti ibi ọdún fúnra rẹ̀. Ká ní owó gbígbé ọkọ̀ lọ àti bọ̀, oúnjẹ, ìbòòrùn àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ₦120,000. Bí agbẹ́kọ̀ bá ta ọkọ̀ kan ṣoṣo tó gbé wá, tó sì jèrè ₦100,000 lórí rẹ̀, ó ti fi ₦20,000 ṣòfò. Bí ó bá gba iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta tí yóò jèrè ₦100,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan, ₦180,000 ló kù fún un lẹ́yìn ìnáwó. Nítorí náà, kì í ṣe láti ta ọkọ̀ tó gbé wá ni agbẹ́kọ̀ ń bọ̀ níbi ọdún. Iṣẹ́ ló wá gbà. Bí wọ́n bá ra ọkọ̀ àtẹ náà láàárọ̀, kó rí i dájú pé kò tíì kúrò níwájú òun títí dalẹ́, kí àwọn mìíràn lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ ní kó ṣe fún àwọn.

Ọ̀nà tí ìnáwó fi lè dínkù wà. Ọkọ̀ lè bá omi wá dípò kó gun orí ọkọ̀ akẹ́rù. Agbẹ́kọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó jọ, kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan fi okùn fa tiwọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì jọ lo ìbòòrùn kan. Wọn kò ní í tìtorí ìyẹn gba oníbàárà ara wọn, nítorí ẹni tó mọ ọkọ̀ apẹja gbẹ́ lè máà mọ ti eré ìdíje.

Àwọn ohun kékeré náà ń mú owó wá. Àjẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, ohun ìgbọ́nmi onígi àti ọkọ̀ kékeré tí ọmọdé lè gbé relé jẹ́ ohun tí èrò lè rà lójú ẹsẹ̀. Igi tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń ṣe wọn. Bí àjẹ̀ bá lè san owó ọ̀nà, gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé lẹ́yìn náà á di èrè.

Ohun tí oníbàárà máa mú lọ sílé

Ọjọ́ ọdún, ariwo pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun máa padà wá kì í sábà rántí. Kí agbẹ́kọ̀ ní ìwé kan tí yóò kọ orúkọ àti nọ́ḿbà fóònù sí, pẹ̀lú irú ọkọ̀ tí oníbàárà ń fẹ́ àti iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe. Kó ní káàdì tàbí bébà kékeré tó ní nọ́ḿbà tirẹ̀ náà. Kó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún, kó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣe ọkọ̀ fún òun, kó san àsansílẹ̀ tó tóó ra igi, kó sì gba rìsíìtì. Kí wọ́n kọ gígùn ọkọ̀, irú igi, iye owó àti ọjọ́ tí wọn á gbé e fún un síbẹ̀. Agbẹ́kọ̀ tó bá gba àsansílẹ̀ èèyàn márùn-ún, tó sì fi owó ẹni kejì parí iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́, á bá ara rẹ̀ níwájú ẹni karùn-ún láìní igi, láìní owó. Iṣẹ́ tí ọwọ́ bá lè ká ni kó gbà, kó sì sọ fún àwọn yòókù ìgbà tó máa kàn wọ́n. Oníbàárà tó mọ̀ pé òun máa dúró oṣù mẹ́ta kì í bínú tó ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, tó wá lo oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló kù. Kí agbẹ́kọ̀ mú wọn dání lọ síbi ọdún, kí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, kí wọ́n dúró ti ọkọ̀ tí wọ́n bá a gbẹ́, kí wọ́n sì máa dá èrò lóhùn. Ọmọ tó bá gbọ́ tí àlejò ń béèrè ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí ọ̀gá rẹ̀ sì nawọ́ sí i, yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi àáké sílẹ̀ lọ gun ọ̀kadà.